Ipò Kìn-ín-ní fún Ọkọ Mi

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, ìsọ̀ aṣọ Alhaji Barakatullahi ní ọjà Marché Congo ní ìlú àjèjì yìí ni àwọn ọkùnrin wa ti máa ń to àwọn akànṣẹ́ àtijọ́ ní ipò. Ọ̀kan á ní ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ wúwo jù ló tóbi jù. Òmíràn á ní rárá, ẹni tó lè gba ẹ̀ṣẹ́ láìṣubú ni. Àwọn tí kò kan ẹ̀ṣẹ́ rí, àfi èyí tí wọ́n fi ń na ìyàwó wọn.

Àárín wọn ni ọkọ mi, Yẹ̀kínnì, máa ń jókòó sí. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni nígbà tirẹ̀. Nísinsìnyí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó wù ú láyé ni kí wọ́n fi òun sípò kìn-ín-ní. Ẹ̀ẹ̀mejì ló na François, akànṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ojú gbogbo wọn ló ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí François kú, François ni wọ́n gbé sípò náà.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Alhaji.

"Ìyá Kíkí, ẹ dìde," ló wí. "Òfin wa ni. Akànṣẹ́ tó tóbi ni ẹni tó parí eré rẹ̀ láìtẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń mí ṣì lè tẹ́."

"Ọkọ mi nà án lẹ́ẹ̀mejì."

"Ó nà án. Ṣùgbọ́n François ti kú, kò lè tẹ́ mọ́. Pardon, màmá."

Inú bí mi. Mo délé, mo ní, "Bàbá Kíkí, wọ́n ti fi yín sípò kìn-ín-ní o." Ó sunkún bí ọmọdé. Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán lọ́jọ́ náà. Mi ò kábàámọ̀ irọ́ yẹn. Ohun tí mi ò rò ni pé ọmọ Yorùbá ni ọkọ mi: ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Nígbà tó di Jímọ̀, mo jáde lọ ra ẹja. Kí n tó dé, ó ti wọ kóòtù, ó ti gun ọ̀kadà lọ. Mo sáré tẹ̀lé e. Ibi tó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìsọ̀ Alhaji fún àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni mo bá a.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo wá dúpẹ́ ipò tí ẹ fún mi."

"Ipò wo?" Alhaji béèrè. "Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyàwó mi ni."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alhaji nu omi ẹ̀rín lójú, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ó ti tẹ́." Wọ́n bá yọ ọ́ kúrò nínú àwọn akànṣẹ́ tí wọ́n ń tò pátápátá, ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí náà ló ti ń gbọ́.

Kò lè dá dìde. Mo gbá a mú lábẹ́ apá, mo gbé e nílẹ̀, mo ń ṣépè fún gbogbo wọn. Kò wò wọ́n. Èmi ló ń wò.

"Kàbírátù," ó ní, "François ò gbé mi ṣánlẹ̀ rí."