Ìlà Tó Parí ní Àádọ́rùn-ún Ọdún

Ní ayé kan tó jìnnà réré, tí ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀ kò tíì dé inú ìyá rẹ̀ — ibẹ̀ ni ọkàn mi wà láti òwúrọ̀, kò sì fẹ́ padà sílé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sí i. Bí mo bá kọ òótọ́, ọdún náà ni àpò owó ìfẹ̀yìntì yóò gbẹ. Bí mo bá sì pa ẹnu àtẹ ìṣirò ọjọ́ orí yìí dé bí mo ti ń pa á dé láti ogún ọdún... kò ní gbẹ. Lórí ìwé.

Iṣẹ́ mi ni kí n sọ iye ọmọ tí a ó bí àti iye àgbà tí yóò kú, kí ìjọba lè mọ ẹni tí yóò máa bọ́ ta ni. Lónìí, òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń gbé àgbà kan pọ̀n. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kan àti ààbọ̀. Ààbọ̀ ènìyàn — apá òkè ni, àbí ìsàlẹ̀? Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ò wá.

Àádọ́rùn-ún ọdún ni ìlà inú àtẹ mi máa ń parí sí. Ẹni tó bá ti pé e, mo kọ òdo síwájú rẹ̀: ó ti kú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń kọjá ibẹ̀ kò tó nǹkan, mo ní kí n má fi wọ́n dààmú ara mi. Wọ́n ti wá pọ̀. Mo fi han Ọ̀gá lánàá. Ọmọ àná ni, ó sì mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún: “Mà, ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, wọn á fi ọdún méje kún iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́, àwa ni wọ́n á sì máa ṣépè fún.” Aago méjì ló fẹ́ kí n fọwọ́ sí i.

Àwọn ọ̀dọ́... Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí: “Mọ́mì, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọmọ yọ mí lẹ́nu. Ta ni yóò bá mi tọ́ ọ?” Mo bú u. Mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ sínú àtẹ: ọ̀kan dín.

Nísàlẹ̀ fèrèsé, àwọn arúgbó ti tò. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá fojú hàn, kí a lè gbà pé wọ́n ṣì wà láàyè. Ọ̀pá, àga oníke, ìwé nínú ọ̀rá. Ìyá mi ni ìkẹrin. Ó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Nínú mọ́tò láàárọ̀: “Ìwọ tó o wà lókè lọ́hùn-ún, ṣé o ò lè sọ fún wọn pé n kò tíì kú ni?”

Mo ní... kí ni mo ní? “Òfin ni, Màámi.”

Èmi ni mo pa á. Lọ́dún tó kọjá, pẹ̀lú òdo kan ṣoṣo. Ó sì jí lónìí, ó wọ bàtà, ó wá ta ko ìwé mi.

Ta ni mo tún pa? Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí. Fi mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kún un — dúró ná. Tún un kà. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Obìnrin kan yóò dúró nísàlẹ̀ yẹn, ọ̀pá lọ́wọ́, kò ní mọ ẹnì kankan lókè. Òdo ló wà níwájú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ ọ́.

Wọ́n ti sún síwájú. Ìyá mi gbójú sókè, ó ń wá fèrèsé mi. Bírò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Aago méjì kò tíì lù. Ẹ̀yin tí a kò tíì bí, tí mo fẹ́ gbé ara mi lé léjìká: kí ilé yín má di ahoro, kí àwọn ọmọ yín má kà yín mọ́ òkú nígbà tí ẹ ṣì ń mí.