Ohun Tí Ẹja Ń Jẹ ní Adágún Arnaig

“Ẹ má yojú wò ó o, Bàbá Wattie!”

“Ojú wo ló kù lágbárí mi tí mo fẹ́ fi wò ó?” ni Wattie Geddes dá wọn lóhùn, ó sì tún ki ọwọ́ bọ inú fìlà rẹ̀.

Gbogbo àwọn tó wà ní èbúté bú sẹ́rìn-ín. Àárọ̀ oṣù Kẹrin ni. Yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, òjò dídì sì ṣì wà lórí àwọn òkè bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí wọn lórí. Bàbá Wattie ni alága Ẹgbẹ́ Apẹja Arnaig, òun ló sì máa ń ṣẹ́ kèké àwọn méjì-méjì tí yóò jọ wà nínú ọkọ̀ kan títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ti yọ orúkọ Struan Dallas. Ó wá yọ ìwé pélébé kejì, ó tú u, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fẹ́ẹ̀ fò jáde.

“Rhona Dallas!”

Ariwo sọ.

“Tọkọtaya! Ọ̀rọ̀ dé!”

“Struan, ṣé o jẹun yó láàárọ̀ yìí? Torí oúnjẹ alẹ́ òní ò dájú o!”

Struan bá wọn rẹ́rìn-ín. Rhona ò rí ẹ̀rín rín.

Ẹni mẹ́fà ló máa ń ṣojú Arnaig níbi ìdíje àwọn ẹgbẹ́ apẹja ní oṣù Kẹfà. Wọ́n ti mú márùn-ún. Àyè kan ló kù, àyè yẹn gan-an ni Struan sì ti ń jókòó lé láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tó bá a dù ú. Lọ́dún yìí, ìyàwó rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ò ní kọ́lọ́fín nínú: nínú àwọn méjèèjì, ẹni tó bá mú ẹja jù lónìí ló ni àyè náà. Bí wọ́n bá mú un dọ́gba, ti ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Obìnrin kankan ò jókòó síbẹ̀ rí.

Struan fúnra rẹ̀ ló kọ́ Rhona. Lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó ló fi ọ̀pá ìpẹja lé e lọ́wọ́ létí odò tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, tó ń di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú pé kó má ju okùn bí ẹni ń lé adìyẹ. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ iṣẹ́ lè tọrọ àga ọ̀gá. Nígbà tí Rhona sọ ọ́ fún un nínú ilé ìdáná nígbà òtútù, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ìyàwó òun ò rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ fọ mọ́tò nínú òjò dídì.

“Iwájú ni mo fẹ́,” ni Struan wí bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀.

“Mú iwájú. Ẹja ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.”

“Ẹnu ẹ ti ń mú.”

“Ìwọ̀ mi mú jù ú lọ.”

Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sáré dé abẹ́ àwọn igi páìnì tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn, wọ́n pa á, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ gbé wọn lọ. Olúkúlùkù ló ní apá tirẹ̀ nínú omi. Ẹni tó bá ju okùn kọjá pákó àárín ọkọ̀, olè ni. Lórí okùn kọ̀ọ̀kan ni kòkòrò àfọwọ́ṣe wà, ìyẹ́ àti òwú tí a dì mọ́ ìwọ̀. Rhona ti di tirẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, lórí tábìlì ìjẹun, nígbà tí Struan ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Títí ọ̀sán fi fẹ́ẹ̀ pọ́n, omi náà kàn tẹ́ lọ gbọọrọ bí abọ́ tí a fọ̀. Ẹja kan ò mira. Inú fílásìkì kan náà ni wọ́n ti jọ mu tíì, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni oòrùn yọ láàárín ìkúùkù. Ooru díẹ̀ kan Rhona lẹ́yìn ọrùn, bó sì ṣe sọ ojú sílẹ̀, ó rí i. Kòkòrò kékeré kan yọ láti inú omi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé olífì, apá rẹ̀ nà ró bí ìgbòkun ọkọ̀. Òmíràn yọ. Kó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti pọ̀ lọ súà.

“Olífì!” Struan kígbe orúkọ tí àwọn apẹja ń pe kòkòrò náà. “Olífì ti jáde! Rhona, wò wọ́n! Wò wọ́n!”

Ó ti gbàgbé pé òun ń bínú. Rhona náà gbàgbé. Àwọn méjèèjì ń nàka kiri bí ọmọdé tó rí ọkọ̀ òfuurufú. Ọdọọdún ni wọ́n ń retí wákàtí yìí, nítorí ẹja tíráùtù tó ti fi gbogbo ìgbà òtútù gbààwẹ̀ nísàlẹ̀ omi, ọjọ́ tí olífì bá jáde ló ń gòkè wá ṣínu. Lóòótọ́, òbìrí kan hàn lójú omi. Òmíràn hàn lápá ọ̀tún. Láìpẹ́, gbogbo adágún ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀.

Wọ́n sáré pààrọ̀ ìwọ̀ sí èyí tó jọ olífì. Rhona kánjú débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló so okùn náà tó ń tú. Ó jù ú. Ẹja yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀ rẹ̀, ó wọlé padà. Ó tún jù ú. Òmíràn yọ nítòsí rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wò ó. Bí ẹni ń polówó ọjà fún adití ni.

“Mo ti gbé e!” Struan ló pariwo yẹn.

Nínú ẹgbẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni kì í wọn ẹja ara rẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀ ló ń wọ̀n ọ́n nínú ọpọ́n tí wọ́n fa ìlà pupa sí. Ìrù tó bá dé ìlà, a ó ka ẹja náà. Èyí tí kò bá dé e, kò sí ní kíkà. A ó sì dá gbogbo wọn padà sómi. Rhona tẹ́ ẹja ọkọ rẹ̀ sínú ọpọ́n.

“Ó pé.”

Kò pẹ́ tí Struan tún fi mú ìkejì. Ìyẹn náà pé.

“Ṣé kí n yá ẹ ní ìbọ̀wọ́?” Struan bèèrè. “Ó jọ pé òtútù pọ̀ lápá ọ̀hún.”

“Dákẹ́ jẹ́ẹ́.”

Rhona ń ju okùn léraléra, ìjù tirẹ̀ sì ń burú sí i, títí okùn fi lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Ó tú u. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá rẹ̀ ka orí eékún, ó sì jókòó.

“Ó ti rẹ̀ ẹ́?”

“Mò ń wòran.”

“Ìran! Ẹja ń fò káàkiri, ìyàwó mi ní òun ń wòran!”

Rhona mú ojú lé olífì kan ṣoṣo. Kòkòrò náà léfòó lọ, ó gba orí ibi tí ẹja ti ń yọ kọjá, ó gbẹ apá rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì fò lọ. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́. Ó wo òmíràn. Kò sí ẹni tó jẹ ìyẹn náà. Kí wá ni wọ́n ń jẹ?

Ó yí ojú sí àwọn ẹja. Ọ̀kan yọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́kọ́ hàn, ìrù tẹ̀ lé e, ó rì. Òmíràn yọ: ẹ̀yìn, ìrù, ó parí. Rhona ò rí ẹnu. Bí ẹja bá sì gbé nǹkan lójú omi, á gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ yẹn á sì ru sókè bíi ti ọṣẹ níbi tó bá rì sí. Ojú omi mọ́ kedere. Kò sí ohun tó ru.

“Abẹ́ omi,” ó sọ fún ara rẹ̀.

Ó na ọwọ́, ó bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì gbé e sún mọ́ ojú. Àwọn nǹkan dúdú tín-ín-rín ń yí nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, bí ẹ̀fọn tí kò tíì rí apá, tí wọ́n ń jà láti bọ́ awọ ara wọn sílẹ̀. Abẹ́ ojú omi gẹ́lẹ́ ni wọ́n rọ̀ sí, wọn ò lè gòkè, wọn ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹja kan ò ní láti sá tẹ̀ lé wọn. Olífì ló ń ṣe fáàrí lójú gbogbo ayé, àfi bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ gan-an ń bẹ lẹ́yìn ilé.

Ó já ìwọ̀ olífì kúrò. Ó so dúdú tó kéré jù nínú àpótí rẹ̀, èyí tí kò ní apá rárá. Ó jù ú. Èyí tó le jù lọ ló wá kàn: kò gbọdọ̀ fà á. Ó di ọwọ́ mú. Ó di èémí mú. Okùn náà sún lọ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ rẹ lábẹ́ tábìlì.

Ó gbé ọ̀pá sókè, ọ̀pá sì tẹ̀ bí ọrun!

“Ẹja! Ẹja ni!” Kò mọ ìgbà tó pariwo. Tíráùtù náà fò jáde nínú omi, ìhà rẹ̀ ń dán bí idẹ, ó sá lọ, ó tún bọ̀, ó wọ inú àwọ̀n. Struan wọ̀n ọ́n.

“Ó pé.”

Ìkejì tẹ̀ lé e. “Ó pé.” Ìkẹta. “Ó pé.” Ohùn Struan ń kéré sí i ní gbogbo ìgbà.

Ó wá ń ju okùn tirẹ̀ bí ẹni ń na ewúrẹ́. Rhona rí i tó ń jí ìwọ̀ òun wò. Struan ò bèèrè. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, òun ni wọ́n ń bi, kì í bi ẹnikẹ́ni. Kò sì sí òfin tó ní kí Rhona sọ. Bàbá Wattie fi ìwọ̀ kan pa mọ́ fún ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ títí wọ́n fi gbé ìyẹn lọ sí ibojì.

Wákàtí kan péré ló kù. Bí Rhona bá pa ẹnu mọ́, àyè ti di tirẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọrùn ọkọ rẹ̀ tí òtútù àti ìtìjú ti sọ di pupa. Kì í ṣe àánú ló ṣe é. Inú ló ń bí i. Eré ìje wo ni èèyàn ń bá ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lójú sá?

“Struan.”

“Kí ló dé?”

“Wọn ò jẹ olífì.”

“Kí ni wọ́n wá ń jẹ, búrẹ́dì?”

“Wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yọ. Tó o bá rí ẹnu ẹyọ kan, pè mí.”

Ó wò. Ọ̀kan yọ. Ọ̀kan tún yọ. Rhona rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára, tí èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

“Orí mi o,” ó wí jẹ́ẹ́. “Abẹ́ omi.”

“Dúdú ni. Kékeré. Má fà á rárá.” Ó na ọ̀kan nínú tirẹ̀ sí i lórí pákó àárín.

Struan gbà á, ó ń wò ó lórí ìka. “Kí ló dé tó o fi sọ fún mi?”

“Torí mo fẹ́ borí ẹ. Mo sì fẹ́ kí ojú ẹ là nígbà tí mo bá ń ṣe é.”

Struan bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi àkọ́kọ́ láti ìgbà òtútù. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má wá sunkún o!”

“Kí ẹni tó máa sunkún kọ́kọ́ so ìwọ̀ rẹ̀ ná!”

Ìjà wá dé wàyí. Ọ̀gá ni Struan lóòótọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, ó ti mú ìkẹta. Rhona mú ìkẹrin. Struan náà mú ìkẹrin. Wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, wọ́n ń bú ara wọn, “Tìrẹ dà?”, “Wo ti òkè ọ̀hún!”, omi ta sí wọn lára, tíì dà nù, ẹnikẹ́ni ò bìkítà. Mẹ́rin sí mẹ́rin. Bí wọ́n bá parí báyìí, ti Struan ni.

Okùn Rhona tún sún. Ó gbé e! Ẹja náà ò tóbi, ṣùgbọ́n ó ní agídí. Ó gba abẹ́ ọkọ̀, ó yí, ó tún yí. Bí Rhona ṣe fi àwọ̀n gbé e báyìí ni fèrè ìdíje dún láti òdìkejì adágún. Ó ti parí.

Struan tẹ́ ẹja náà sínú ọpọ́n. Láti ibi tí Rhona wà, kò lè rí ìlà pupa. Kò sí ọkọ̀ mìíràn nítòsí. Ohun tí Struan bá sọ, òun ni wọ́n máa gbà ní èbúté, ẹnikẹ́ni ò ní bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹrí ba. Ó sún ẹnu ẹja náà kó kan ògiri ọpọ́n dáadáa. Ó tún tẹrí ba.

“Wá wò ó fúnra ẹ,” ó wí.

“Ìwọ lò ń wọ̀n ọ́n.”

Omi ń kán láti ọwọ́ rẹ̀. Rhona ò wo ọpọ́n. Ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

“Ó pé,” ni Struan wí. “Ó fi bíńtín pé, ṣùgbọ́n ó pé.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà sínú omi, ó dì í mú títí ó fi lúwẹ̀ẹ́ lọ fúnra rẹ̀.

Igbe ayọ̀ ti dé ẹnu Rhona. Ó gbé e mì. Ẹni tó pàdánù àyè rẹ̀ ló jókòó síwájú rẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ wọn fẹ́ẹ̀ kanra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń palẹ̀ mọ́ nílé ọ̀fọ̀.

Struan bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó di okùn ẹ́ńjìnnì mú, kò fà á.

“Rhona.”

“Hẹn?”

“Ká ní èmi ni, ariwo tí mo máa pa, wọ́n á gbọ́ ọ ní ìlú Inverness. Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?”

Rhona wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, bóyá afẹ́fẹ́ ni. Ó wá dìde dúró nínú ọkọ̀, ohun tí apẹja tó gbọ́n kì í ṣe láé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì figbe ta. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ fò dìde nínú koríko etí omi. Àwọn èèyàn yíjú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ òkèèrè. Ó tún ké, ó tún ké, ọkọ̀ ń mì lọ mì bọ̀, Struan sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí kí ìyàwó rẹ̀ má bàa ṣubú sómi.