Ìrẹsì Tí Wọ́n Ń Ṣà Lẹ́ẹ̀mejì

Kí Yusrah tó dé ilé iṣẹ́ ìrẹsì Àlhájì Àbdùlgàfárù ní Shango, kò sẹ́ni tó rí àwọn obìnrin márùn-ún tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì níbẹ̀ kí wọ́n káwọ́ gbera rí. Bí diráyà, ẹ̀rọ tó ń mú ìrẹsì gbẹ, bá ń falẹ̀, èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́ ni wọ́n ń dà padà sórí àtẹ, tí wọn yóò tún un ṣà, kí Àlhájì má baà bá wọn níjòókòó.

Ọdún kejì rèé tí Yusrah ti gba ìwé ẹ̀rí ẹnjiníà láìríṣẹ́. Àlhájì pè é kó wá wo ìdí tí ìrẹsì wọn kò fi kọjá ogójì àpò lóòjọ́. Yusrah fẹ́ kọ́ àwòṣe gbogbo ilé iṣẹ́ náà sínú kọ̀ǹpútà, kí ó lè dán àyípadà wò níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nítorí náà, ó lọ bá Nàímátù, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, tó jẹ́ àgbà láàrin àwọn tó ń ṣa òkúta.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, tí ìrẹsì ò bá tíì dé, ẹ jókòó, kí ìṣirò mi lè jóòótọ́."

"Ká jókòó lójú Àlhájì? Haba, ilé ìwé ti ba ọmọ yìí jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín. "To, mo gbà. Nítorí tìẹ ni o."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń jókòó, tí Yusrah ń wo aago.

Kọ̀ǹpútà kò fi igbá kan bọ ìkan nínú: diráyà ló ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ra ìkejì, ogójì yóò di àádọ́rin.

Nígbà tí Yusrah fi àwòrán rẹ̀ hàn án, Àlhájì kò wo ibi diráyà. Ìka rẹ̀ dúró sórí ibi tó pọ́n lójú kọ̀ǹpútà.

"Kí lèyí?"

"Àkókò tí àwọn obìnrin fi ń dúró de ìrẹsì ni, Àlhájì. Wákàtí márùn-ún lóòjọ́."

"Wákàtí márùn-ún. Èmi tí mo ń rò pé wọn kì í sinmi." Ó fara balẹ̀. "Yọ mẹ́ta nínú àwọn obìnrin náà kúrò ká wò ó."

"Àlhájì, diráyà ni—"

"Yọ wọ́n ná."

Yusrah yọ wọ́n. Ó ń gbàdúrà kí iye náà já wálẹ̀. Ogójì ló gbé jáde. Ó tún un ṣe; ogójì náà ni. Gbogbo ìbínú tó wà nínú rẹ̀ kò rí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí yóò dá lẹ́bi. Òun fúnra rẹ̀ ló rí sí i pé irọ́ kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn àgbà mẹ́ta nínú àwọn obìnrin náà máa lọ. Àǹtí Nàímátù ló ṣáájú. Ó bá Yusrah lẹ́nu géètì.

"Yusrah, bí o ṣe ní ká ṣe é náà la ṣe é, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"A ò ṣì í ṣe níbì kankan?"

"Ẹ ò ṣì í ṣe."

Ó mi orí, ó sì bọ́ sójú títì láti dá kẹ̀kẹ́ dúró.