Ogójì Ìgbà Lára Ògiri

Ọdún mẹ́ta ni Onígíláàsì fi bá àbúrò rẹ̀ yodì. Ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni wọ́n ń rán sí ara wọn. Àbúrò, tó jẹ́ ẹnjiníà, ló sọ níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́ pé ẹni tí kò ka ìwé mẹ́fà tán kò lè kọ́ òun ní iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀.

Àbúrò àti èèyàn mọ́kànlá ń gbẹ́ ihò gba abẹ́ òkè. Onígíláàsì wà nínú yàrá ẹ̀rọ, ó ń ṣọ́ okùn gíláàsì tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó máa ń fi hàn bí ògiri ihò bá ń sún. Ẹ̀rọ á pín ìmọ́lẹ̀ kan sí méjì: ọ̀kan á gba inú okùn tó lẹ̀ mọ́ ògiri ihò, èkejì á gba inú okùn tí wọ́n ká sórí tábìlì, tí nǹkan kan kò gbọdọ̀ mì. Bí ẹsẹ̀ ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá bára mu nígbà tí wọ́n pàdé, ojú ẹ̀rọ á mọ́lẹ̀. Bí ògiri bá fa okùn tirẹ̀ gùn díẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣì, ojú ẹ̀rọ á ṣú. Onígíláàsì ní kí okùn lọ kó bọ̀ lára ògiri nígbà ogójì, kí fífà kékeré lè di ńlá. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀: àbúrò ní ẹ̀ẹ̀kan tó. Agídí ni Onígíláàsì fi ṣe ogójì rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó ń ṣú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní fáànù ló ń fẹ́ sí okùn orí tábìlì, àti pé pẹ̀lú ogójì yìí, bí eṣinṣin bá sín, ẹ̀rọ á gbọ́. Òun ò ní torí fáànù dá iṣẹ́ dúró.

Onígíláàsì pa fáànù. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé okùn náà bí ìkókó, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ó di èémí mú. Mọ́, ṣú, mọ́, ṣú. Ó tún wá ń yá sí i.

Ògiri ló ń rìn.

Tẹlifóònù ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àbúrò ló sì máa ń gbé e. Onígíláàsì ti búra pé òun ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọn á fi sin ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ó jọ pé òní ni ilẹ̀ fẹ́ sin àbúrò. Bí a bá ń jà, kì í ṣe bíi ká kú. Ó gbé e.

"Kó àwọn èèyàn ẹ jáde."

"Bọ̀dá mi?"

"Ògiri ń rìn."

"Ọ̀gá ti ránṣẹ́ pé fáànù ni..."

"Mo ti pa fáànù."

Onígíláàsì gbọ́ tí àbúrò ń ké pé kí wọ́n ju irinṣẹ́ sílẹ̀.

Onígíláàsì sáré lọ sí ẹnu ihò, ó ka orí wọn: mẹ́wàá, mọ́kànlá. Àbúrò ló kẹ́yìn. Kò tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ fi mì, tí eruku sì tú jáde lẹ́yìn rẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ó ń mí hẹlẹ, "ẹ̀ẹ̀kan ì bá má tó."

"Mo sọ ọ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn." Onígíláàsì na ike omi sí i. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o. Mu."