Àjàlá Rí I, Ó Dákẹ́

Ìwé ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi tí ewé rẹ̀ ti ń já. Mo kọ́kọ́ kà á lọ́dún tí mo fi ìwé àwọn ọmọ mi kọ́ ara mi ní kíkà. Àjàlá, àgbẹ̀ inú ìtàn náà, pàdánù oko, ó pàdánù ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì dalẹ̀ rẹ̀. Mo sọkún nígbà náà. Mo bú àwọn ọ̀rẹ́ náà bí ẹni pé Ìtòkú, àdúgbò mi, ni wọ́n ń gbé.

Lọ́dún 1983, mo tún un kà. Mo wá rí i pé Àjàlá ti rí ipasẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí ebè tí wọ́n ti hú iṣu rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́, ó ní sùúrù ni baba ìwà. Ó gbọ́ tí ọ̀rẹ́ kejì ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Ó wúkọ́, ó yà sí ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ dídùn tó ń sọ fún ara rẹ̀ ló jẹ ilé ọkùnrin yẹn tán.

Mo pa ìwé náà dé. Èmi náà ti ń pa ipasẹ̀ rẹ́.

Èmi ni mo ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ tí aró kì í wọ̀ ya àdìrẹ. Asiata, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ló ń bá mi fi ewé elú rẹ ẹ́ láró. Mo máa ń ya ẹsẹ̀ ẹyẹ kékeré sí igun aṣọ, kí oníbàárà lè mọ̀ pé tèmi ni. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí obìnrin kan láti Kọ́bapẹ́ dá aṣọ padà. Ó fọ̀ ọ́, aró rẹ̀ ṣá. Mo fún un ní òmíràn, n ò sọ fún Asiata.

Mo lọ bá a lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

“Asiata, ẹ̀ẹ̀melòó lo ń tẹ aṣọ mi bọ aró?”

“O ò tiẹ̀ kí mi?”

“Káàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyá oníwèé. Àwa tí a jọ sùn lórí ẹní kan.”

“N ò bèèrè ẹní.”

Ó wo ilẹ̀. “Elú ti wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo rò pé tó bá dùn ọ́, wàá sọ.”

“Mo ń sọ ọ́ báyìí.”

“Wá aláró mìíràn, nígbà náà.”

“Tó o bá kọ̀, màá wá a. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí okùn yẹn, ẹsẹ̀ ẹyẹ mi wà lára wọn. Wọn ò ní dé ọjà bẹ́ẹ̀.”

Mo ká apá bùbá mi sókè. Ẹ̀kọ ò tíì kúrò lára àwọn aṣọ náà, mo kó wọn, mo kọjú sí ìkòkò aró kan.

“Kì í ṣe ìyẹn,” ni Asiata wí. “Aró ibẹ̀ ti kú.” Ó ṣí èkejì.

A tẹ̀ wọ́n bọ ọ́, a sá wọn, a tún tẹ̀ wọ́n bọ ọ́, títí wọ́n fi dúdú. N ò tíì mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ la ṣì jẹ́. Nígbà tí mo ń lọ, mo ní n ó padà wá lọ́la.

Ó ní kí n mú elú dání.