Ohùn Susannah

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin Susannah ìyàwó mi sí Ìmùṣin, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́sàn-án gangan: "Bàbá Ìyìn o. Ẹ wá jẹun."

Mo mọ ohun tó sọ̀rọ̀. Ìyìnolúwa ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́tàlélógún, kò sì sọ̀rọ̀ rí. Fóònù fífẹ̀ kan ló ń lò: bó bá tẹ àwòrán, ọ̀rọ̀ á jáde. Ìyá rẹ̀ ló ka gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìwé ìròyìn bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ Ìyìn, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo pe Ọláyẹmí, olùkọ́ tó ń wá láti Ìjagun kọ́ Ìyìn ní dùùrù, pé kó wá fi ohùn mìíràn sínú fóònù náà. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín. Mo ní èmi ni mo rà á.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹnu Ìyìn nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, Ìyìn ò tẹ orin kankan lórí dùùrù mọ́. Ohùn márùn-ún péré ló ń tẹ̀. Á tẹ̀ ẹ́, á dákẹ́ bí ẹni tó ń retí nǹkan, á tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fá irùngbọ̀n lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnu mi wí pé, "Mò ń bọ̀." Bí mo ṣe ń dá Susannah lóhùn fún ọgbọ̀n ọdún nìyẹn. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó mọ̀ pé "Bàbá Ìyìn o" ni ohùn márùn-ún náà ń pè.

Nígbà tí mo wọlé, Ìyìn ti kọjú sí ẹnu-ọ̀nà. Kì í sábà wo ojú ènìyàn, ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé fóònù rẹ̀ fún un. Ó fara balẹ̀ tẹ àwòrán ìyá rẹ̀. Ohùn ìyàwó mi wí pé, "Màmá." Ó tẹ àwo òfìfo, èyí tó ń lò bí ìrẹsì bá tán: "Kò sí mọ́." Lẹ́yìn náà ó tẹ ilẹ̀kùn, tó fi ń dáhùn bí a bá béèrè ta ló ń kànkùn:

"Èmi ni."

Ọláyẹmí gbé ohùn obìnrin mìíràn wá ní Sátidé. Mo bi Ìyìn èwo ló fẹ́. Ó gbọ́ ti àlejò náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ọwọ́ olùkọ́ rẹ̀ kúrò lórí fóònù náà.

"Bàbá, ẹ jókòó," ni ohùn Susannah wí.

Mo jókòó.

Ohùn náà ló ṣì ń pè mí jẹun. Mo máa ń dáhùn, mo sì máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo ń wò wọ ilé ìdáná, kí ojú mi má bàa máa wá Susannah, títí n ó fi rí ẹsẹ̀ Ìyìn.