Orúkọ Tí Ìyá Rẹ̀ Sọ Ọ́

Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló jí mi láàárọ̀ yìí, kí ládàánì àdúgbò tó pe ìrun. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ o… Obìnrin tí a jọ ń kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀ lórí ẹní yìí láràárọ̀, ní pálọ̀ mi yìí, láti ìgbà tí Gbémisọ́lá ọmọ mi ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá Mofẹ́olúwa ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ìyá Gbémi ni òun náà ń pè mí. Ó tó wa bẹ́ẹ̀.

"Ẹ dárúkọ ọ̀tá yín. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ni kí ẹ pè. Àdúrà kì í wá ilé kiri." Oníwàásù tó ṣe ìsọjí ní àdúgbò Challenge ló wí bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn ń lọgun orúkọ. Èmi la ẹnu, kí ló jáde — Ìyá Mofẹ́olúwa. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wò mí.

Ó dáa. Mo ti kúnlẹ̀. Iná ò sí, wọ́n ti mú un lọ láti àná, àbẹ́là ni mo tàn. Olúwa, ìwọ mọ ẹni tí mò ń wí. Bá mi mú un. Mi ò ní kí o pa á — rárá, ikú yá jù. Kí ó wà láàyè. Kí ó dìde láti jẹ́rìí lọ́jọ́ ìsinmi, tòun ti gèlè gàgàrà rẹ̀ yẹn, kí ohùn gbẹ mọ́ ọn lọ́nà ọ̀fun, kí ìjọ máa wò ó. Kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn nídìí igi máńgòrò… kí ó dé ibẹ̀, kí wọ́n dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ bí èmi bá dé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Bùọ̀dá Àdìó. Ìyá Mofẹ́olúwa nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Ọdún tí orí bùọ̀dá mi dàrú, tí a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, mo sunkún lórí ẹní yìí, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ìyá Gbémi, ẹ jẹ́ ká gbé e lé Olúwa lọ́wọ́. Kò ní jáde lẹ́nu mi." A sì gbàdúrà. Ara wọn sì yá. Wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ring Road báyìí, wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín.

Gbémisọ́lá àti Olúṣẹ̀yẹ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti mú ọjọ́ ìdána. Àǹtí ọmọkùnrin náà lọ bá Ìyá Mofẹ́olúwa nílé, ó ní àwọn ń ṣèwádìí ìdílé ìyàwó. Ìwádìí ò burú, ta ni kì í ṣe é? Ṣùgbọ́n èsì tó fọ̀… "Èèyàn dáadáa ni wọ́n o. Ẹ ṣáà máa fi wọ́n sádùúrà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó, ọpọlọ ló dà wọ́n láàmú nígbà kan." Ẹ fi wọ́n sádùúrà. Kò ṣòfófó, àdúrà ló ń tọrọ fún wa. Inú àdúrà ló ti gbọ́ ọ, inú àdúrà náà ló tú u sí.

Olúṣẹ̀yẹ ò yọjú mọ́. Gbémisọ́lá wà ní yàrá kejì, ó kọjú sí ògiri. Kì í sunkún níṣojú mi. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

"Ojoojúmọ́ ni, Ìyá Gbémi. Bó wù yín, bí ò wù yín, ẹ dìde. Bí ìgbàgbọ́ ṣe ń dàgbà nìyẹn." Ìyá Mofẹ́olúwa ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mi ò sì pa àdúrà àárọ̀ jẹ rí. Láti ìgbà tó ti dà mí pàápàá, mi ò pa á jẹ. Tẹ́lẹ̀, oorun a máa gbé mi lórí ìkúnlẹ̀. Báyìí, oorun kẹ̀? Ojú mi ń tàn kedere.

Orúkọ… Àwọn kan ń pè é ní Misíìsì Adéróunmú. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá yẹn ò ṣẹ̀ mí. Nígbà tí bẹntiróòlù wọ́n, ọkọ̀ wọn ló ń gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó rún mọ́ra lẹ́yìn. Bí àdúrà bá wá lọ ba bàbá ńkọ́? Rárá, ìyẹn ò dáa. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Ìyá Mofẹ́olúwa náà. Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá, yóò mọ̀ pé ìyá ni mò ń bá wí… Ọmọ yẹn, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́jọ́ ìkómọ, oníkálukú ń mú orúkọ wá, tèmi ló mọ́ ọmọ lára. Ó ti wà ní iléèwé Pólì lọ́nà Apete báyìí, ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí mi láàárín títì. Kí nǹkan kan má ṣe é o. Ìyá rẹ̀ ni. Ìyá rẹ̀ nìkan.

Ó yá. Ohùn mi ti ha, omi ò tíì kàn mí lẹ́nu. Olúwa, dójú ti Ìyá —

Ikọ́ gbé mi. Mo húkọ́, mo húkọ́. Mo mí. Mo mú un níbi tó ti já: Mofẹ́olúwa.

Mo fẹ́ Olúwa.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Láàárín èpè, ketekete. Rárá, rárá, kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ wí nìyẹn. Orúkọ ni mò ń pè, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Olúwa, jọ̀ọ́, má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ —

Má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀?… Èmi. Èmi ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má rò pé mo fẹ́ òun.

Kí tilẹ̀ ni mo ti ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Ọlọ́pàá ni mò ń wá. Ẹni tí yóò bá mi di obìnrin yẹn mú, kí n lè gbá a létí dáadáa. Mi ò kí Olúwa mọ́. Mi ò bi í léèrè ohun kan, mi ò dúró gbọ́ ohun kan. Bí mo bá ti dijú, gèlè yẹn ni mò ń rí, eyín yẹn, ẹ̀rín yẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń jí. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń gbààwẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi o. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé kí n dárí jì í, mi ò tíì débẹ̀, kò sì wù mí kí n débẹ̀ lónìí. Mo ń gbọ́ sálúbàtà Gbémisọ́lá lọ́nà ilé ìdáná. Ó ń wá ìṣáná. Ilẹ̀ ti mọ́. Ó yẹ kí n dìde. Láti ọjọ́ tí nǹkan ti dàrú… ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyí… obìnrin yẹn ni mo ti ń kúnlẹ̀ fún.